Ìrìn Tí Kò Ní Ọjà Níwájú

Nígbà tí mo fẹ́ kúrò nílé, gbogbo ẹni tó wá kí mi ló ń sọ pé kì í ṣe àjò ni mò ń lọ. Wọ́n ní Ìbàdàn kì í ṣe òkèèrè, Yorùbá ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, pé á dà bí ìgbà tí èèyàn ti yàrá kan bọ́ sí òmíràn nínú ilé kan náà. Abúlé kan lẹ́bàá Kétu ni wọ́n bí mi sí, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi Faransé kọ́ ọmọ níwèé. Mo gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí mo dé tí mo fi mọ̀ pé yàrá kejì náà ní kọ́kọ́rọ́, kò sì sí lọ́wọ́ mi.

Nídìí ẹ̀rọ omi, ní ilé tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí ọmọbìnrin kan bá mi di pọ́tábù mi mú kí n lè gbé garawa. Ó wò mí bí ẹni tí mo ní kó bá mi mú ejò dání. Ó ní, "Kí ló ń jẹ́ pọ́tábù?" Mo na fóònù mi sí i. Gbogbo àwọn tó tò síbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ mi ti di Kútọnu. Mi ò gbé Kútọnu rí. Ọ̀nà tó ti ilé wa lọ síbẹ̀ jìn ju èyí tó lọ sí bodè Nàìjíríà lọ, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ máa ṣàlàyé fún?

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ wa. Bí olùkọ́ bá dápàárá, ìgbà tí àwọn yòókù bá rẹ́rìn-ín tán ni yóò tó yé mi, màá sì gbé ẹ̀rín tèmi mì. Kí n lè rí ohun jẹ, mo ń dirun fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin. Ọwọ́ mi rọ̀ lórí, kì í dunni. Wọn á jókòó sáàárín orúnkún mi, wọn á máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àga ni mo jẹ́. Mo gbọ́ nípa àfẹ́sọ́nà wọn, mo gbọ́ nípa ìjà ìyá àti bàbá wọn. Bí wọ́n bá dìde, wọn á dúpẹ́, wọn á lọ, èmi á sì dá oúnjẹ mi jẹ. Èèyàn lè gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nílùú kan, kó má sì sí ẹyọ kan tí wọ́n bá a sọ nínú rẹ̀.

Bíọ́lá nìkan ló máa ń yí ọrùn padà wò mí kó tó sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn máa ń ba ìlà irun jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni, ó ga, ohùn rẹ̀ sì tóbi. Ọjọ́ kan tí ìsinmi kù sí dẹ̀dẹ̀, ó yí ọrùn padà.

"Kútọnu, àwa kan fẹ́ fẹsẹ̀ rìn láti Àkánrán, ká gba àárín àwọn abà títí dé Ìyànà Ọ̀fà. Inú àgọ́ la ó máa sùn lójú ọ̀nà. Ṣé wàá bá wa lọ?"

Mo ní, "Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe?"

"A fẹ́ rìn ni."

"Bí ẹ bá rìn tán ńkọ́?"

"A ti rìn nìyẹn."

Nígbà tí ìyá mi pè ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo sọ fún un. Ó ní, "Ọjà wo ni wọ́n ń ná?" Mo ní kò sí ọjà. Ó ní, "Òkú ta ni wọ́n ń lọ sin?" Mo ní kò sí òkú. Ó wá ní, "Ọmọ mi, ẹni tó ń rìn, tí kò lọ sọ́jà, tí kò lọ sóko, tí kò sì lọ kí èèyàn, ó ní ohun tó ń wá. Àbí o ò gbọ́ nípa àwọn tó ń jí èèyàn gbé nínú igbó Nàìjíríà ni?"

Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n mo tún ti rí bí ilé akẹ́kọ̀ọ́ ṣe máa ń rí lásìkò ìsinmi, tí gbogbo èèyàn á ti lọ sílé wọn, tí àwọn ọ̀nà àárín yàrá á máa dún bí ikòkò òfìfo. Mo ní màá lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ ìrìn l'Ákàánrán, mo ní kí gbogbo wọn dúró kí n ya fọ́tò wọn fún ìrántí. Inú wọn dùn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo ya ojú kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí a ṣe ń gbé àpò sẹ́yìn, mo rọra fi wọ́n ránṣẹ́ sí àbúrò mi nílé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ díẹ̀.

Gbóyèga ló ṣáájú wa. Ọmọ Ìbàdàn ni, ẹnu rẹ̀ dùn, òun ló sì ni àwọn àgọ́. Ó mọ ọ̀nà bí ẹni tó bí i. Ilẹ̀ tutù, ewé kòkó bo ojú ọ̀nà, ẹ̀gẹ́ dúró ní ọ̀tún àti òsì. Níbi gbogbo tí a bá dé, ìbéèrè ìyá mi ni wọ́n ń bi wá.

"Ẹ kú ìrìn o. Kí lẹ ń tà?"

A ní a ò ta nǹkan kan.

"Ṣé wàásù lẹ wá ṣe ni?"

Rárá.

"Ẹ̀yin lẹ fẹ́ gún ọmọ wa lábẹ́rẹ́?"

Rárá o. Obìnrin kan tó ń sá kòkó lórí ẹní wò wá láti orí dé ẹsẹ̀. Ó dìde, ó kó àwọn adìyẹ rẹ̀ wọlé.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí. Mi ò lè bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí pé ẹ̀yìn obìnrin yẹn ni mo wà. Tí ó bá jẹ́ abúlé wa ni àwọn ọmọ tó wọ bàtà olówó ńlá bẹ́ẹ̀ yọ sí, tí wọ́n ní àwọn kàn ń rìn ni, ìyá mi ò bá ti kó ewúrẹ́ mọ́ adìyẹ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, igi tí a ṣẹ́ tutù, iná kọ̀ kò ràn. Wọ́n fẹ́ ẹ títí ojú gbogbo wọn fi pọ́n. Èmi ni mo kó èkùrọ́ gbígbẹ tí mo ṣà lọ́nà sábẹ́ igi náà, tí mo fi iná sí i, ló bá gbà. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹnìkan ní, "Kútọnu, o gbà wá!" Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ kí inú èèyàn dùn nítorí iná lọ.

Ṣùgbọ́n mo ń ṣọ́ Gbóyèga. Fọ́tò tó ń yà kò jọ ti ẹni tó ń gbafẹ́. Kì í ya èèyàn, kì í ya ẹyẹ. Ilẹ̀ ló ń yà, odò, àti oríta tí ọ̀nà ti fẹ̀. Bí a bá sinmi, á rìn jìnnà sí wa pẹ̀lú fóònù létí. Nígbà kan tí mo lọ bu omi, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn igi ọ̀pẹ. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹkù. Mọ́tò lè wọ ibẹ̀ dáadáa." Ó rí mi, ó sì pa fóònù náà.

Mọ́tò wo? Kí ni mọ́tò fẹ́ wá kó?

Mo sọ fún Bíọ́lá nínú àgọ́ tí àwa méjèèjì jọ ń sùn. Ó ní, "Ẹ̀yin ará Kútọnu, ẹ máa ń fura jù." Ó fa àpò rẹ̀ sábẹ́ orí, ó di ọwọ́ àpò náà mú, ó kọ ẹ̀yìn sí mi.

Ní ọjọ́ kejì a já sí títì Ìbàdàn sí Ifẹ̀, ní apá Adégbayì. Ọkọ̀ ń sáré kọjá, àwọn agbèrò ń pe èrò. Mo dúró létí títì, mo ń rò ó. Tí mo bá wọ ọ̀kan, kí ilẹ̀ tó ṣú mo ti dé yàrá mi, mo ti tilẹ̀kùn. Mo ti gbé ẹsẹ̀ kan sọ́nà nígbà tí Bíọ́lá já búrẹ́dì rẹ̀ sí méjì, ó na ìlàjì sí mi láìwò mí, bí ẹni pé ohun tó ti ń ṣe láti kékeré nìyẹn. Mo gbà á. Ẹni tó ti gba búrẹ́dì lọ́wọ́ èèyàn kò lè sá lọ lójú rẹ̀. A kọjá sí òdìkejì títì, a wọ igbó apá Lágelú.

Abà tí a sùn sí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ilẹ̀, kó máa wá a kiri. Baálé ibẹ̀, tí gbogbo wọn ń pè ní Alájì, fún wa láyè lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí. Ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ túká, ṣùgbọ́n ó ní a kì í lé àlejò tí ilẹ̀ ti ń ṣú lé lórí.

Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Rábí gbé omi wá fún wa. Ó tẹjú mọ́ orí Bíọ́lá.

"Ta ló di irun yìí?"

Mo ní, "Èmi ni, mà."

"Wá di tèmi."

Ó jókòó sórí àpótí níwájú ilé rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀. Bí ọwọ́ mi ṣe ń lọ, ó ń sọ̀rọ̀. Ó na ìka sí òdìkejì odò. "Abà kan wà níbẹ̀ rí. Àwọn èèyàn kan kọ́kọ́ wá, wọ́n ń ya fọ́tò. Wọ́n ní àwọn ń gbafẹ́. Nígbà tó yá, a rí òpó sìmẹ́ńtì kéékèèké nínú oko, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó rì wọ́n. Ìgbà tí katapílà dé, kòkó tí bàbá ọkọ mi gbìn, ojú mi báyìí ni wọ́n ṣe wó o."

Ọwọ́ mi dúró nínú irun rẹ̀. Mọ́tò lè wọ ibẹ̀ dáadáa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi í. Ta ló ta ilẹ̀ náà? Ibo ni ààlà tiyín wà? Ṣé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ ibẹ̀? Ó ń dáhùn, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ ń kúrú sí i. Nígbà tí ládàánì pe ìrun mọ̀gáríbì, ó dìde pẹ̀lú irun apá kan dídì, apá kejì sì dúró sókè bí ìgbẹ́ tí a ò tíì ro. Kò wojú mi mọ́.

Mo lọ bá Gbóyèga níbi tó ti ń nu bàtà rẹ̀.

"Gbóyèga, kí lo fẹ́ fi fọ́tò ilẹ̀ wọn ṣe? Jọ̀ọ́, pa á rẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín. Ohùn rẹ̀ kò le rárá. Ó ní, "Kútọnu, ilẹ̀ Nàìjíríà ni. Kí ló kàn ẹ́ níbẹ̀?"

Títí di àkókò yẹn, mo rò pé bí mo bá sọ èdè wọn dáadáa, bí mo bá di irun wọn, bí mo bá dá iná fún wọn, ọjọ́ kan á wà tí nǹkan wọn á kàn mí. Ó dáhùn bí ẹni tó ń sọ fún mi pé òjò ń bọ̀. Ohun tó dùn mí jù ni pé kò tilẹ̀ rò pé èébú ni.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ìrì ò tíì gbẹ lára àgọ́ nígbà tí àwọn ọlọ́dẹ abà yí wa ká. Lásísì ni orúkọ olórí wọn, ìbọn wà léjìká rẹ̀. Baálé jókòó sórí àga, àwọn obìnrin dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Lásísì ní, "Ta ló wà létí odò láàárọ̀ yìí tó ń ya oko wa ní fọ́tò?"

Gbóyèga ń wo okùn bàtà rẹ̀.

Lásísì tún ní, "Ó dáa. Ẹ máa sọ ọmọ ẹni tí ẹ ń ṣe."

Wọ́n ń sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí ní agboolé àwọn wà l'Ọ́jẹ̀ẹ́, èyí ní Bẹẹrẹ. Bíọ́lá dárúkọ bàbá rẹ̀ àti ìjọ rẹ̀. Ó kàn mí.

"Kétu ni mo ti wá, sà."

"Kétu ti Èkó?"

"Rárá, sà. Kétu ti Bẹ̀nẹ̀."

Ohùn mi jáde pẹ̀lú gbogbo ilà ojú rẹ̀. Wọ́n wo ara wọn. Ìyá Rábí bọ́ síwájú, gèlè rẹ̀ kò bo irun apá tí mi ò tíì dì. Ó ní, "Òun nìyẹn! Òun ló ń bi mí lánàá, ta ló ta ilẹ̀, ibo ni ààlà wà."

Lásísì gbá ọrùn ọwọ́ mi mú. Mo wo Bíọ́lá. Ilẹ̀ ló ń wò. Mo wo Gbóyèga. Òun ń wò mí. Bóyá ó ń bẹ̀ mí ni, bóyá ó ń halẹ̀ mọ́ mi ni, títí dòní mi ò mọ èwo.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Alájì, ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ ní kí gbogbo wa kó fóònù wa síwájú yín. Tèmi ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò."

Mo ṣí i, mo fi lé Lásísì lọ́wọ́. Kò sí oko níbẹ̀, kò sí odò. Ojú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ló tò síbẹ̀, níkọ̀ọ̀kan, bí ojú àwọn ọ̀daràn. Ó fi ìka kan ohùn tí mo gbà sílẹ̀ sábẹ́ wọn, ohùn mi sì bọ́ síta ketekete lójú gbogbo èèyàn: "Àbúrò mi, àwọn tí mo bá lọ nìyí. Bí ẹ bá wá mi tì, ojú wọn ni kí ẹ gbé lọ bá ọlọ́pàá. Gíga yẹn ló pè mí. Ẹ má gbàgbé rẹ̀."

Bíọ́lá ya ẹnu. "Èmi?"

Lásísì kọ́kọ́ wo fóònù náà, ó wò wá, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àwa rò pé ajínigbé lẹ jẹ́, ẹ̀yin náà sì ń pe ara yín ní ajínigbé!" Ó fi ọwọ́ mi sílẹ̀.

Àwọn yòókù kó fóònù tiwọn sílẹ̀. Gbóyèga kò mú tirẹ̀ jáde. Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, ó sì ń yára. Baálé ní, "Kí ló ń wí?"

Bíọ́lá ní, "Ó ní àṣírí òun ló wà nínú ẹ̀, sà."

Baálé ní, "Ilẹ̀ wa náà, àṣírí wa ni."

Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ̀rọ̀, n kò ní lè bá wọn ṣe ẹgbẹ́ mọ́. Mo tún mọ irú ẹni tí wọn ó mú lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá bí mo bá dákẹ́. Àti pé kòkó bàbá ọkọ Ìyá Rábí kò kúrò lọ́kàn mi. Mo ní, "Alájì, Gbóyèga ló ń yà á. Ẹnìkan tó ń pè ní Àǹkù ló ń fi ránṣẹ́ sí. Mo bẹ̀ ẹ́ lánàá pé kó pa á rẹ́."

Nígbà tí wọ́n ṣí fóònù náà, gbogbo ọ̀nà tí a ti rìn wà níbẹ̀: odò, oríta, ilẹ̀ títẹ́jú. Omi bọ́ lójú Gbóyèga. Ó ní ẹ̀gbọ́n bàbá òun ló ra àwọn àgọ́, òun ló ní kóun máa ya ibi tó bá dára, pé òun ò rò pé ìjàǹbá wà níbẹ̀. Lójú mi, òótọ́ ló sọ. Kò rò ó rárá.

Baálé ní kó pe Àǹkù náà, kó sì jẹ́ kí gbogbo èèyàn gbọ́. Bí ọkùnrin náà ṣe gbé e, tó ní, "Ọmọ mi, ibo lo dé?", Baálé ló dáhùn. "Èmi Baálé ni. Ọmọ rẹ wà níwájú mi, a ò fọwọ́ kàn án. Ilẹ̀ yìí kì í ṣe títà. Bí o bá fẹ́ rí i, fi ẹsẹ̀ ara rẹ rìn wá." Ọkùnrin náà pa fóònù. Wọ́n ní kí Gbóyèga pa gbogbo fọ́tò rẹ́, wọ́n gbé e sórí ọ̀kadà lọ sí títì. Àwa yòókù, Baálé ní kí a kó àgọ́ wa kí oòrùn tó mú.

Bí mo ṣe ń ká tèmi, ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kọjá lára mi. Ó ní, "O tà á fún àwọn ará oko. Ẹni tẹ́ ẹ jọ jáde." Wọ́n gbé àpò wọn, wọ́n lọ. Mo rò pé Bíọ́lá wà lára wọn.

Ìyá Rábí wá dúró lórí mi. Kò ní kí n má bínú. Ó na òòyà sí mi, ó ní, "Parí orí mi." Ó jókòó, mo sì parí ẹ̀. Nígbà tí mo ṣe tán, ó fi ọwọ́ pa á láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó wọlé, ó gbé iṣu sísè jáde wá, ó jókòó tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán.

Bíọ́lá wà ní ìta abà, lórí gbòǹgbò igi. Àwọn yòókù ti lọ. A rìn gan-an kó tó lanu.

"Gíga yẹn ló pè mí, àbí?"

"Mi ò tíì mọ̀ ẹ́ nígbà yẹn."

"Ìyá mi ní kí n má bá ẹ sun àgọ́ kan náà. Ó ní ẹ̀yin ará ibẹ̀ máa ń gbé nǹkan."

"Mo rí àpò lábẹ́ orí ẹ."

Ó wá ní, "Tó bá jẹ́ èmi ni mo ya fọ́tò yẹn ńkọ́? Ṣé wàá sọ?"

Mo lè purọ́. Ẹsẹ̀ ń dùn mí, òun nìkan ló sì kù fún mi. Mo ní, "Màá sọ."

Ó ní, "Ó dáa. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni."

Nígbà tí a dé Ìyànà Ọ̀fà, ọjà ẹ̀bá ọ̀nà ti kún, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń dúró de mọ́tò. A jókòó sórí bẹ́ńṣì kan, mo sì pe ìyá mi. Mo ní mo ti dé, kò sẹ́ni tó jí mi gbé. Ó ní, "Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ?" Mo ní Bíọ́lá ni. Ó ní, "Ẹni gíga yẹn? Gbé fóònù fún un."

Bíọ́lá gba fóònù, ó sì kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀ láàárín ọjà, níwájú ẹni tí kò rí i. Àwọn èèyàn ń wò ó. "Ẹ káàsán, mà. Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ọmọ Ìbàdàn ni bàbá mi, mà. Olùkọ́ ni wọ́n." Kò gbọ́ gbogbo ohun tí ìyá mi ń sọ nínú èdè Kétu, ṣùgbọ́n ó ń dáhùn gbogbo rẹ̀. Nígbà tó dìde, orúnkún rẹ̀ pupa bí ẹni tó ro oko. Ó dá fóònù padà fún mi.

Ìyá mi ní, "Ohùn rẹ̀ tóbi jù. Máa ṣọ́ ọ o."

Mo ní màá máa ṣọ́ ọ. Mọ́tò kan dé, a sì jọ wọ̀ ọ́.